Wákàtí Kan àti Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Bàbá kan tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀ àbúrò mi, ní Tallaght ní ìlú Dublin, ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mo fi jókòó kọ eléyìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Gèlè Màámi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá wò wá tán, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Báwo gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí ibí?" Àbúrò mi ti dáhùn kí n tó la ẹnu: "Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, sà. Ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wọn." Kò purọ́. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ni wọ́n fi ìsọmọlórúkọ sí, aago mọ́kànlá sì ti kọjá. Ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí ṣì wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ láìní orúkọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àlejò ti tú ká, mo kó gbogbo ohun tó ní aago lára jọ sórí tábìlì: rìsíìtì takisí méjì, bébà tí a fi wọ bàálù, fọ́tò inú fóònù mi, àti ọ̀rọ̀ tí èmi àti àbúrò mi fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp. Mo fẹ́ mọ ibi tí àárọ̀ wa wọlẹ̀ sí. Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù November 2022.

2:40 òru, Peckham. Fóònù mi dún, ṣùgbọ́n Màámi ti jí ṣáájú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn àdúrà wọn láti yàrá kejì. Wọ́n ti di ẹrù wọn láti àná: ìró àti bùbá, gèlè, bàtà kan, àti ìgò oyin kan tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé. Oyin náà ti rìn ju èmi lọ lọ́dún yẹn. Láti Ṣakí ló ti dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn ló ti bá wọn dé Lọ́ńdọ̀nù nínú ẹrù abẹ́ bàálù. Obì, orógbó àti ataare ti wà nílẹ̀ ní Dublin. Àbúrò mi rà wọ́n ní Moore Street, níbi tí àwọn ará wa ti ń tajà láàárín àwọn ẹlẹ́ja àti eléso ilẹ̀ Ireland. Oyin nìkan ni Màámi kọ̀ láti fi lé ọjà lọ́wọ́. "Oyin Ṣakí ni mo fi sọ gbogbo yín lórúkọ," ni wọ́n wí.

Bí èèyàn bá fa okùn tààrà láti àárín Lọ́ńdọ̀nù dé àárín Dublin, kìlómítà 464 ni. Kò tó Èkó sí Àbújá. Mo ti mọ iye yìí tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n sọ fún àbúrò mi pé aago mẹ́wàá yóò bá wa nílé.

3:35. Takisí dé. Awakọ̀ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba fún Màámi lórí títì tí omi òjò ṣì ń dán lórí rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kílẹ̀ ó mọ́."

"Orúkọ ọmọ la fẹ́ lọ sọ," Màámi dá a lóhùn.

"Áà! Ẹ kú oríire o, mà. Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì yẹn."

Gatwick tó bíi kìlómítà 45 sí àárín Lọ́ńdọ̀nù, níhà gúúsù. A gba Croydon kọjá lókùnkùn, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù wà láti 1920 títí wọ́n fi tì í ní 1959. Bàálù ń tóbi sí i, ó ń fẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ, pápákọ̀ sì ń jìnnà sí ojúlé èèyàn. Ìdajì ìrìnàjò òde òní ló ti di ìrìn àtidé ibi tí ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà ni Màámi ń fọwọ́ kan báàgì ìfàlọ́wọ́ wọn, bóyá páásípọ́ọ̀tù ṣì wà níbẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi wọ Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣílẹ̀kùn Dublin fún ẹni tó gbé páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Ireland ti ń wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà láti àwọn ọdún 1920. Láti 2014, ètò kan wà tó ń jẹ́ kí ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Íńdíà fi físà kan wọ orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Oyún ọmọ yìí ṣì wà ní oṣù mẹ́fà nígbà tí Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé físà kejì jọ: ìwé báńkì, ìwé ilé, lẹ́tà ọmọ, lẹ́tà ìyàwó ọmọ.

4:32. A dé Gatwick.

4:55, ibi àyẹ̀wò ẹrù. Fọ́tò kò sí fún wákàtí yìí, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn yà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò nílò rẹ̀. Báàgì Màámi wọ inú ẹ̀rọ, kò jáde sí apá ibi tí tèmi jáde sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó tú ọ̀rá àkọ́kọ́, ó tú èkejì, ó tú ẹ̀kẹta. Ó gbé ìgò náà sókè síbi iná. Oyin ìgbẹ́ ni, ó dúdú lókè, ó pupa fòò nísàlẹ̀ bí iná ṣe gbà á kọjá, ẹ̀fúùfù kékeré kan nínú rẹ̀ sì ń rọra gòkè bí ó ṣe dorí ìgò kodò. Ó ní ó dun òun, kò lè kọjá. Nígbà náà, ohunkóhun tó bá ń ṣàn kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ìgò kan. Ní 2006 ni wọ́n gbé òfin náà kalẹ̀, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú, oyin sì wà lára ohun tí òfin kà sí olómi.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ẹrù abẹ́ bàálù ni mo rà, torí owó rẹ̀ dín kù, mi ò sì ronú kan oyin. Màámi ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn bu ìwọ̀nba díẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n a ò ní ìgò kékeré kankan lọ́wọ́. Ọmọ náà kò ju oyin yẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ sínú garawa, láàárín ìgò omi àti ọṣẹ ìwẹ̀. Màámi ká àwọn ọ̀rá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ, wọ́n dá wọn padà sínú báàgì.

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká máa lọ."

6:38. A jókòó, èmi sídìí fèrèsé. Bàálù yẹ kó gbéra ní 6:50, kó sì dé ní 8:15. Nísàlẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù tó ń tàn yòò nínú òkùnkùn, ó ń wo wẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi há iwájú àti ẹ̀yìn táyà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí, ọmọ ọkọ̀ á fò sílẹ̀ níbi òkè pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́, á máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ kó lè tì í sẹ́yìn táyà bí bíréèkì bá kọ̀. Irú igi yẹn náà ni, àfi pé tibí nípọn, ó sì ní okùn.

Wẹ́ẹ̀jì yìí ni àwọn oníbàálù fi ń ka àkókò. Àkókò tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ wẹ́ẹ̀jì ní ìlú kan, ó sì parí nígbà tí wọ́n bá tún fi há táyà ní ìlú kejì. Ìṣẹ́jú tí bàálù fi ń rìn lórí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tó fi ń tò sẹ́yìn àwọn yòókù wà nínú rẹ̀, àfikún tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bù lé e kí wọ́n lè sọ pé àwọn ò pẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Òfurufú láti Lọ́ńdọ̀nù sí Dublin fúnra rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

6:52. Awakọ̀ bàálù bá wa sọ̀rọ̀. Kùrukùru ti bo Dublin. Wọ́n ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ìtànṣán rédíò ló ń tọ́ bàálù dé ilẹ̀ nígbà tí ojú kò bá ríran, bàálù mìíràn tó bá wà nítòsí sì lè da ìtànṣán náà rú, nítorí náà wọ́n á fi àyè gbọọrọ sáàárín ọ̀kan àti èkejì. Àyè tiwa tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Brussels jẹ́ 8:35.

Brussels! Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Dublin gba Brussels kọjá. Àjọ Eurocontrol ní ibùdó kan níbẹ̀ tó ń ṣètò ìrìn bàálù lójú òfurufú Yúróòpù. Bí pápákọ̀ kan bá sọ pé agbára òun ti dín kù, wọ́n á pín ìdúró fún àwọn tí kò tíì gbéra, torí ó sàn kí bàálù dúró sílẹ̀ ju kó máa yí po lókè, kó máa jó epo. Láti ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àkókò tí wọ́n dá sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn ní. Bí ó bá fò yín dá, ẹ tún lọ gba òmíràn.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n sì bi mí, "Ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, bákan náà ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n gbé orí lé àga, wọ́n pa ojú dé.

WhatsApp kò jẹ́ kí n pa ojú tèmi dé. 7:03, àbúrò mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbéra?" 7:04, èmi: "A wà nínú bàálù. Kùrukùru ló bo ọ̀dọ̀ yín." 7:05: "Òótọ́ ni o. Mo wo ìta, mi ò rí ilé òdìkejì." 7:31: "Pásítọ̀ ní àwọn ní ibòmíràn láago méjìlá." 7:32, èmi: "Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ o." 7:32: "Láìsí Màámi? Ta ló máa bẹ̀rẹ̀?"

Ilẹ̀ mọ́ sí wa lórí ní Gatwick. Oòrùn yọ, ó ràn sára ìyẹ́ bàálù, a ò tíì kúrò lójú kan.

8:14. Ọkùnrin ẹlẹ́wù títàn yẹn padà wá, ó fa okùn, wẹ́ẹ̀jì yọ. Ó na ọwọ́ sókè fún awakọ̀. Lójú ìwé àwọn oníbàálù, ìrìnàjò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti wà lójú fún wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Títì ìgbéra kan ṣoṣo ni Gatwick ń lò fún àtìgbéra àtìsọ̀kalẹ̀, a sì tò tẹ̀ lé bàálù bíi mélòó kan kó tó kàn wá.

8:33. Táyà kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo lè sọ nípa òfurufú kò pọ̀. Wọ́n ta tíì, Màámi kò gbà. Wales wà lábẹ́ àwọsánmà. Afẹ́fẹ́ ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ wá pàdé wa, bí ó ti sábà máa ń rí lápá ibí yìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àlọ fi máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Holyhead lọ sí Dublin ń lo wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lórí òkun tó wà láàárín Wales àti Ireland. A ti sọdá rẹ̀ kí obìnrin iwájú mi tó mu tíì rẹ̀ tán. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kùrukùru ti ń fà sẹ́yìn sórí omi, orí òkè Howth sì yọ láàárín rẹ̀ bí ẹ̀yìn erinmi nínú odò. Màámi na ọrùn kọjá iwájú mi, wọ́n wò ó títí ó fi pòórá.

9:29. Táyà kan ilẹ̀. A kò yí aago padà: ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Dublin dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Títí di 1916, aago Dublin ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tẹ̀ lé ti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn, nítorí oòrùn ìlú wọn gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

9:36, wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì há táyà. 9:41, ilẹ̀kùn ṣí. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ nítorí pé èèyàn ti gbé ọ̀ràn irú ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ́ẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga European Union. Bàálù kan láti Salzburg sí Köln ló pẹ́. Òfin ní bí bàálù bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́ dé, èrò lè gba owó gbà-má-bínú. Ìgbà tí táyà kan ilẹ̀, kò tíì pé wákàtí mẹ́ta. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó ti lé. Ní 2014, àwọn adájọ́ ní ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni bàálù tó dé, torí títí dìgbà yẹn èrò ṣì há mọ́ ibi tóóró kan, kò lè ṣe ohun tó wù ú. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ẹnì kan ti jókòó, ó ti rò ó láti ojú ẹni tó wà lórí ìjókòó. Ìbá wù mí kí wọ́n rò ó síwájú díẹ̀ sí i, torí ilẹ̀kùn tiwa ṣí, a kò sì tíì dé.

9:50 sí 10:38, ibi ìwé ìrìnnà. Ìlà méjì ló wà. Páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní, èèyàn tó wà lórí ìlà tèmi kò tó márùn-ún. Ìlà Màámi yí po lẹ́ẹ̀mẹta láàárín okùn. Mo dúró tì wọ́n. Ìyá kan láti Gánà wà níwájú wa pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn léjìká rẹ̀. Ní 10:20 àbúrò mi pè, mi ò lè gbé e. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ó kàn wá. Òṣìṣẹ́ náà béèrè pé kí ni Màámi wá ṣe ní Ireland. Mo fẹ́ dáhùn, Màámi fi ọwọ́ dá mi dúró. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ ọmọ níwèé. Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara: ọmọ-ọmọ àwọn pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí, àwọn ni àgbà ìdílé, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà yẹ ìwé wò. Ó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ó béèrè àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó lu òǹtẹ̀, ó sì béèrè orúkọ ọmọ.

"Kò tíì ní," Màámi wí. "A ti pẹ́."

10:52. Takisí, òpópónà M50. Ọkọ̀ pọ̀. Tallaght wà ní òdìkejì ìlú, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kò sì jìnnà sí Baldonnel, pápá àwọn ológun tí bàálù àkọ́kọ́ ti Aer Lingus ti gbéra ní ọjọ́ 27 oṣù May 1936, tó ń lọ sí Bristol pẹ̀lú èrò márùn-ún. Iolar ni orúkọ bàálù náà, ìyẹn ẹyẹ idì ní èdè Irish. Mo ro ti àwọn márùn-ún yẹn: wọ́n á ti dé pápá, wọ́n á ti gbé báàgì lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì ti gun àkàbà.

11:24. Ẹnu ọ̀nà àbúrò mi. Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ yẹn, mo tún un ṣírò. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 49. Ìṣẹ́jú 56 péré ni táyà wa kò fi kan ilẹ̀. Bí a bá pín kìlómítà 464 yẹn sí gbogbo wákàtí tí a lò, kò pé 60 ní wákàtí kan, bí eré tí bọ́ọ̀sì akérò ń sá láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Àbúrò mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màámi, ó ti dìde, Bàbá sì ti bi mí ní ìbéèrè wọn. Nígbà tí àbúrò mi dáhùn pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Màámi, tí wọ́n ń tún gèlè wọn ṣe níwájú dígí, kò yíjú.

"Bàbá," wọ́n ní, "láti oṣù August la ti wà lọ́nà."

Àwo omi wà lórí tábìlì, àwo iyọ̀ wà níbẹ̀, obì, orógbó, ataare. Àwo kan ṣófo. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gatwick fún ìyàwó àbúrò mi, jẹ́jẹ́, ní etí. Ẹni tó gbọ́ ni obìnrin ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tó ń gbé ní òdìkejì títì, tó ti jókòó pẹ̀lú wọn láti aago mẹ́wàá. Kò béèrè ohunkóhun. Ó jáde, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ìgò oyin tó ti lò dé ìdajì, ojú ibi tí ṣíbí ti wọlé ṣì wà nínú rẹ̀. Màámi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n da díẹ̀ sínú àwo tó ṣófo.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí náà ètè ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi kàn. 11:49 ni fọ́tò náà. Ìka Màámi wà ní ètè ìyàwó àbúrò mi, ojú ọmọ là sílẹ̀ kedere, báàgì Màámi sì wà lórí àga lẹ́yìn wọn, tí ọ̀rá mẹ́ta tó ká pẹlẹbẹ yọ lẹ́nu rẹ̀.